Nọ́ńbà Alámì àti Aláìlámì Nínú Kọ̀ǹpútà: Ìbéèrè Tó Ń Wọlé Lemọ́lemọ́ àti Ìdáhùn Wọn

Àwọn ìbéèrè yìí kì í tán. Bí mo bá dá ẹnì kan lóhùn láàárọ̀, ẹlòmíràn á tún gbé e dé lálẹ́. Mo kó wọn jọ síbí, láti orí èyí tó rọrùn dé orí èyí tó máa ń da àgbà láàmú.

Kí ni báínárì?

Òǹkà tí kò ní ju 0 àti 1 lọ ni. Nínú òǹkà tí a fi ń nájà, ipò kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìlọ́po mẹ́wàá èyí tó wà lápá ọ̀tún rẹ̀: ẹyọ, ẹ̀wá, ọgọ́rùn-ún, ẹgbẹ̀rún. Nínú báínárì, ìlọ́po méjì ni: 1, 2, 4, 8, 16, 32, 64, 128. Nítorí náà 1101 jẹ́ 8 + 4 + 0 + 1, ìyẹn 13.

Kọ̀ǹpútà yàn án nítorí pé ipò méjì ló rọrùn jù láti fi iná mọ̀nàmọ́ná dá mọ̀: iná wà, iná kò sí. Ọmọ Nàìjíríà kankan kò nílò àlàyé lórí ìyẹn. Ẹ̀rọ tó bá fẹ́ mọ ipò mẹ́wàá nínú iná kan náà yóò máa ṣìnà ní gbogbo ìgbà tí iná bá lọ sílẹ̀ díẹ̀.

Bit ńkọ́, byte ńkọ́?

Bit ni àyè kan ṣoṣo tó lè gba 0 tàbí 1. Byte ni bit mẹ́jọ tó tò pọ̀. Bí nọ́ńbà kan bá tóbi ju byte kan lọ, kọ̀ǹpútà á to byte méjì, mẹ́rin tàbí mẹ́jọ fún un.

Iye nọ́ńbà mélòó ló lè wọ inú byte kan?

Igba ó lé mẹ́rìndínlọ́gọ́ta, ìyẹn 256. Àyè kọ̀ọ̀kan ní ọ̀nà méjì, àyè sì jẹ́ mẹ́jọ: 2 × 2 × 2 × 2 × 2 × 2 × 2 × 2. Bí a bá bẹ̀rẹ̀ láti òdo, 255 ni a ó parí sí, kì í ṣe 256, nítorí òdo náà jókòó lórí àga kan. Ìdí nìyí tí àwọ̀ pupa, àwọ̀ ewé àti búlúù inú fọ́tò orí fóònù yín fi sábà máa ń wà láàrin 0 sí 255.

Wọ́n ní Ifá náà jẹ́ báínárì. Ṣé òótọ́ ni?

Ní ti iye, bẹ́ẹ̀ ni. Ọ̀pẹ̀lẹ̀ ní ojú mẹ́jọ, mẹ́rin lápá ọ̀tún, mẹ́rin lápá òsì, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì lè ṣí sókè tàbí kó dojú bolẹ̀. Ohun tó ń jáde níbẹ̀ ni odù 256: ojú odù 16 àti àmúlù 240. Bí gbogbo ojú bá ṣí, Èjì Ogbè ni; bí gbogbo rẹ̀ bá dojú bolẹ̀, Ọ̀yẹ̀kú Méjì ni. Iye àwòrán tó lè hàn lára ọ̀pẹ̀lẹ̀ àti iye tó lè hàn nínú byte kò fi ẹyọ kan ju ara wọn lọ.

Ṣùgbọ́n mi ò bá àwọn tó ń sọ pé babaláwo ló kọ́kọ́ ṣe kọ̀ǹpútà lọ. Odù kì í ṣe nọ́ńbà. A kì í ro Ìrosùn pọ̀ mọ́ Ọ̀wọ́nrín kí a wá gbé ọ̀kan lọ sí ipò tó kàn. Ibi tí wọ́n ti jọra tó sì wúlò fún wa ni pé àmì tó wà nílẹ̀ kò sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀. Ẹni tó mọ̀ ọ́n kà ló ń fún un ní ohùn. Ẹ fi èyí sọ́kàn dé ìsàlẹ̀ ojú ewé yìí.

Kí ni signed, kí ni unsigned?

Unsigned ni nọ́ńbà tí kì í lọ sábẹ́ òdo láéláé: iye èèyàn tó wà nínú yàrá, iye byte tó wà nínú fáìlì, àdírẹ́sì kọ̀ǹpútà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Èmi á máa pè é ní aláìlámì. Signed ni èyí tó lè jẹ́ òdì: gbèsè, òtútù tó wà lábẹ́ òdo, ìyàtọ̀ láàrin nǹkan méjì. Ìyẹn ni alámì.

Ibo ni kọ̀ǹpútà ń fi àmì àyọkúrò sí?

Kò sí ibì kankan tó ń fi í sí. 0 àti 1 nìkan ló ní, kò sí ìkẹta tó dúró fún «−». Nítorí náà, àdéhùn ni a máa ń ṣe lórí bí a ó ṣe ka àwọn bit tó wà nílẹ̀.

Àdéhùn tó kọ́kọ́ ń wá sọ́kàn gbogbo èèyàn ni pé kí bit òsì pátápátá dúró fún àmì, kí ìyókù jẹ́ iye. 5 á jẹ́ 0000 0101, −5 á jẹ́ 1000 0101. Kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan, IBM 7090, lo irú èyí. Àléébù rẹ̀ pọ̀. Àkọ́kọ́, òdo di méjì: 0000 0000 àti 1000 0000, ìyẹn òdo àti «òdo òdì», bí ẹni pé ènìyàn lè jẹ gbèsè òfo. Èkejì burú jù: bí ẹ bá ro 0000 0101 àti 1000 0101 pọ̀ bí a ṣe ń ro nọ́ńbà lásán, 1000 1010 ni ẹ ó rí, ìyẹn −10. Ẹ ní náírà márùn-ún, ẹ jẹ gbèsè náírà márùn-ún, kọ̀ǹpútà wá ní gbèsè yín di mẹ́wàá. Kí ó má baà rí bẹ́ẹ̀, ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wo àmì méjèèjì kó tó mọ̀ bóyá kó rò ó pọ̀ ni tàbí kó yọ ọ́.

Tí a bá kàn yí gbogbo bit padà ńkọ́?

Wọ́n ti gbìyànjú ìyẹn náà. 5 jẹ́ 0000 0101, −5 á wá jẹ́ 1111 1010: gbogbo 0 di 1, gbogbo 1 di 0. Kọ̀ǹpútà àtijọ́ CDC 6600 lò ó, UNIVAC 1100 náà lò ó. Ìṣirò rọrùn ju ti àkọ́kọ́ lọ, àmọ́ òdo ṣì jẹ́ méjì (0000 0000 àti 1111 1111), àti pé nígbà tí ọ̀kan bá yọ jáde lápá òsì, ẹ gbọ́dọ̀ mú un padà wá rò ó mọ́ apá ọ̀tún.

Èwo wá ni gbogbo ayé ń lò báyìí?

Èyí tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní two's complement. Fún Yorùbá, kò yẹ kó ṣòro rárá, nítorí òǹkà wa ti mọ irú ọgbọ́n yẹn. A kì í pe 15 ní mẹ́wàá àti márùn-ún. Márùndínlógún ni a ń pè é, márùn-ún dín ní ogún. 45 ni márùndínláàádọ́ta. A máa ń dúró sórí nọ́ńbà ńlá kan tó wà níwájú, a ó wá wẹ̀yìn.

Ohun tí kọ̀ǹpútà ń ṣe nìyẹn. Nọ́ńbà ńlá tó wà níwájú byte ni 256. Nítorí náà, láti kọ −5, ó ń kọ «márùn-ún dín ní 256», ìyẹn 251, ìyẹn 1111 1011. Ẹ wá ro ó pọ̀ mọ́ 5: 251 + 5 jẹ́ 256. Nínú báínárì, 256 jẹ́ 1 tí òdo mẹ́jọ tẹ̀ lé, ṣùgbọ́n àyè mẹ́jọ péré ló wà, ọ̀kan tó wà lápá òsì á já bọ́ síta, òdo ló kù. 5 àti −5 jẹ́ òdo, láìjẹ́ pé ẹ̀rọ wo àmì kankan.

Òdo kan ṣoṣo ló wà. Ẹ̀rọ kan náà tó ń ro nọ́ńbà aláìlámì ló ń ro alámì, òun náà ló sì ń ṣe àyọkúrò. Kọ̀ǹpútà EDSAC ní Cambridge lò ó ní 1949. Nígbà tí IBM sì gbé kọ̀ǹpútà System/360 jáde ní 1964 pẹ̀lú rẹ̀, ọ̀rọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Ó pẹ́ kí òfin C, èdè kan tí a fi ń kọ kóòdù, tó gba kámú o: títí di àtúnṣe rẹ̀ tí a ń pè ní C23 ni wọ́n ṣì fi àyè sílẹ̀ fún ọ̀nà méjì tó kù.

Báwo ni mo ṣe lè fi ọwọ́ ṣe é lórí ìwé?

Ẹ kọ nọ́ńbà náà láìsí àmì, ẹ yí gbogbo bit padà, kí ẹ wá fi 1 kún un. Fún −44: 44 jẹ́ 0010 1100, ẹ yí i padà, 1101 0011, ẹ fi 1 kún un, 1101 0100. Ó parí.

Láti kà á padà, ọ̀nà tí mo fẹ́ràn jù ni kí ẹ gbà pé bit òsì pátápátá jẹ́ −128 dípò 128, kí ìyókù dúró bó ṣe wà. 1101 0100 á di −128 + 64 + 16 + 4, ìyẹn −44. Àwọn kan ń pe bit òsì yẹn ní bit àmì. Kò burú, àmọ́ ó máa ń jẹ́ kí ènìyàn rò pé bí òun bá yí bit náà nìkan padà, 44 á di −44. Rárá o.

Kí ló dé tí −128 fi wà, tí +128 kò sì sí?

Àga 256 ló wà, òdo sì ti gba ọ̀kan. Ó ku 255, èyí tí kò ṣeé pín sí méjì dọ́gba. Ìdajì tí bit òsì rẹ̀ jẹ́ 1 bọ́ sọ́dọ̀ nọ́ńbà òdì, 128 ni wọ́n. Òdo jókòó pẹ̀lú àwọn tó kù, torí náà wọ́n parí sí 127. Àìdọ́gba kékeré yìí yóò tún yọjú sí wa nísàlẹ̀.

Iye wo ni int àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lè gbà dé?

Int ni orúkọ tí ọ̀pọ̀ èdè kóòdù ń pe àyè tí a ń fi odidi nọ́ńbà alámì sí, bit 32 ló sì sábà máa ń jẹ́. Bit 16 alámì: −32,768 sí 32,767, aláìlámì: 0 sí 65,535. Bit 32 alámì: −2,147,483,648 sí 2,147,483,647, aláìlámì: 0 sí 4,294,967,295. Bit 64 alámì dé 9,223,372,036,854,775,807, ẹ ò sì ní rí ohun tí ẹ fẹ́ kà tó máa tètè kọjá ìyẹn.

Ṣé mo lè fi int pa nọ́ńbà fóònù mọ́?

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Nọ́ńbà fóònù Nàìjíríà ní ẹyọ nọ́ńbà 11, òdo ló bẹ̀rẹ̀. Int á gbé òdo iwájú jù nù, nítorí 080 àti 80 jẹ́ nǹkan kan náà lójú rẹ̀. Ìyókù tó kù á ju bílíọ̀nù méje lọ, bẹ́ẹ̀ bílíọ̀nù mẹ́rin ó lé ni bit 32 aláìlámì mọ. Nọ́ńbà àkáǹtì báńkì náà nìyẹn, NIN náà nìyẹn. Ohun tí a kì í rò pọ̀ tí a kì í sì yọ kúrò kì í ṣe nọ́ńbà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a fi nọ́ńbà kọ ọ́. Ọ̀rọ̀ ni, ẹ tọ́jú rẹ̀ bí ọ̀rọ̀.

Owó ńkọ́?

Ó dára kí ẹ ka owó ní kọ́bọ̀ kí ẹ má baà ní ìdá lẹ́yìn náírà, ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra fún bit 32. 2,147,483,647 kọ́bọ̀ kò ju ₦21,474,836.47 lọ, pílọ́ọ̀tì ilẹ̀ ní Lẹ́kí sì ti fo ìyẹn tipẹ́. Ẹ lo bit 64.

Kí ló ń ṣẹlẹ̀ bí nọ́ńbà bá kọjá ààlà?

Ó máa ń yí po bí ọwọ́ aago. Lórí aago, wákàtí mẹ́ta lẹ́yìn agogo mọ́kànlá kì í ṣe agogo mẹ́rìnlá, agogo méjì ni. Nínú byte aláìlámì, 200 + 100 á di 44, nítorí 300 dín 256 ni 44. Nínú byte alámì, 100 + 100 á di −56. Ẹni tó ní ọgọ́rùn-ún méjì ló bá ara rẹ̀ nínú gbèsè yẹn. Àkúnwọ́sílẹ̀ ni a ń pe èyí, ohun tó sì burú níbẹ̀ ni pé ẹ̀rọ kì í pariwo. Èsì tí kò tọ́ á kàn jáde bí èsì gidi.

Ǹjẹ́ ó ti ba nǹkan ńlá jẹ́ rí?

Ó ti fọ́ rọ́kẹ́ẹ̀tì. Ní June 4, 1996, ní Kourou ní Guyane ti Faransé, Ariane 5 gbéra fún ìgbà àkọ́kọ́, ó sì fọ́ yángá lójú ọ̀run kí ìṣẹ́jú kan tó pé, pẹ̀lú sátẹ́láìtì mẹ́rin nínú. Sọ́fítíwíà rẹ̀ fẹ́ fi iye kan tó wà nínú bit 64, tó jẹ mọ́ eré rẹ̀ ní ìbú, sínú bit 16 alámì. Iye náà ju 32,767 lọ. Ara Ariane 4 ni wọ́n ti mú kóòdù yẹn wá, èyí tí eré rẹ̀ kì í pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, nítorí náà kò sẹ́ni tó rí i rí. Èyí tó dùn mí jù níbẹ̀ ni pé iṣẹ́ tí kóòdù yẹn ń ṣe kò tilẹ̀ wúlò mọ́ lẹ́yìn tí rọ́kẹ́ẹ̀tì bá ti kúrò nílẹ̀.

Ní 2015, àjọ tó ń bójú tó ọkọ̀ òfuurufú ní Amẹ́ríkà pàṣẹ pé kí wọ́n máa pa iná Boeing 787 kó tó pé ọjọ́ 248, nítorí òǹkà kan nínú ẹ̀rọ tó ń darí jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ á kún àkúnwọ́sílẹ̀. Ẹ gbé kalikulétọ̀: bí a bá pín ìṣẹ́jú-àáyá kan sí ọgọ́rùn-ún, 2,147,483,648 irú ìdá bẹ́ẹ̀ jẹ́ ọjọ́ 248 àti ààbọ̀. Ẹ ti mọ ẹni tó wà nídìí rẹ̀.

Kí ni wọ́n ń sọ nípa 2038?

Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ń ka àkókò ní ìṣẹ́jú-àáyá láti January 1, 1970. Àwọn tó fi bit 32 alámì kà á yóò kún ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, January 19, 2038, ní agogo 4:14 àárọ̀ kọjá ìṣẹ́jú-àáyá méje, aago Nàìjíríà. Ìṣẹ́jú-àáyá tó tẹ̀ lé e, wọ́n á bá ara wọn ní December 13, 1901. Fóònù àti láptọ́ọ̀pù tuntun ti bọ́ sí bit 64. Àwọn ẹ̀rọ kéékèèké tí wọ́n ti rì mọ́ ara ògiri ilé-iṣẹ́ láti ọdún gbọ́ọrọ́ ni kí ẹ máa wò.

Ṣé kọ̀ǹpútà mọ̀ pé nọ́ńbà tó wà lọ́wọ́ òun jẹ́ òdì?

Kò mọ̀. 1111 1000 lè jẹ́ 248, ó sì lè jẹ́ −8. Kò sí ohun kankan lára rẹ̀ tó sọ èwo. Bí ẹ bá kọ int tàbí unsigned nínú kóòdù, compiler, ètò tó ń túmọ̀ kóòdù sí èdè ẹ̀rọ, ni ẹ ń bá sọ̀rọ̀, òun ló máa yan àṣẹ tí ẹ̀rọ á ṣe. Fún àròpọ̀ àti àyọkúrò, àṣẹ kan náà ni fún méjèèjì. Ìyàtọ̀ dé nígbà tí ẹ bá fẹ́ pín in, tí ẹ bá fẹ́ mọ èwo ló tóbi jù, tàbí tí ẹ bá ń ti bit lọ sápá ọ̀tún.

Ẹ ti 1111 1000 sápá ọ̀tún lẹ́ẹ̀kan. Bí ó bá jẹ́ aláìlámì, 0 ló máa wọlé lápá òsì: 0111 1100, ìyẹn 124, ìdajì 248. Bí ó bá jẹ́ alámì, 1 ló sábà máa ń wọlé: 1111 1100, ìyẹn −4, ìdajì −8. Èdè Java fi `>>` àti `>>>` yà wọ́n sọ́tọ̀. Ẹ kíyè sí i ṣá: −5 tí a tì báyìí á di −3, bẹ́ẹ̀ −5 / 2 nínú C jẹ́ −2. Àwọn tó ń fi títì rọ́pò pípín kí kóòdù wọn lè yára ni èyí máa ń mú.

Carry àti overflow, ṣé nǹkan kan náà ni?

Rárá. Lẹ́yìn àròpọ̀, ẹ̀rọ ní àsíá kéékèèké méjì, bit kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, tó lè gbé sókè, nítorí kò mọ èwo lẹ nílò. Carry sọ pé ọ̀kan já bọ́ síta lápá òsì. Ti aláìlámì nìyẹn. Overflow sọ pé àmì èsì kò bá ọgbọ́n mu, bíi kí nọ́ńbà méjì tó ju òdo lọ bí òdì. Ti alámì nìyẹn.

1111 1111 + 1: carry wà, overflow kò sí. Fún aláìlámì, 255 + 1 di 0, àṣìṣe ni. Fún alámì, −1 + 1 jẹ́ 0, ó tọ́. 0111 1111 + 1: carry kò sí, overflow wà. 128 tọ́ fún aláìlámì, ṣùgbọ́n alámì bá ara rẹ̀ ní −128.

Mo gbé −5 láti bit 8 lọ sí bit 16, ó di 251. Kí ló ṣe é?

Òdo mẹ́jọ lẹ fi síwájú rẹ̀. Nọ́ńbà alámì kì í fẹ̀ báyẹn: bit òsì rẹ̀ ni kí ẹ máa tún kọ títí àyè fi kún, 1111 1111 1111 1011. Compiler máa ń ṣe èyí fúnra rẹ̀ bí ó bá mọ̀ pé alámì ni. Nínú Java, òdìkejì ló ń yọ èèyàn lẹ́nu: byte Java jẹ́ alámì, nítorí náà 251 tí ẹ kà látinú fáìlì fọ́tò á jáde bíi −5. `b & 0xFF` ni oògùn rẹ̀: bit mẹ́jọ ìsàlẹ̀ nìkan ló ń jẹ́ kó kù.

Kí ló dé tí C fi sọ pé −1 tóbi ju 1 lọ?

Nítorí pé 1 yẹn jẹ́ unsigned. Bí int àti unsigned int bá pàdé, C á sọ méjèèjì di aláìlámì. −1 á wá di 4,294,967,295. Ibi tó ti máa ń bu ni jẹ jù ni `strlen(s) - 1`, níbi tí strlen ti ń ka gígùn ọ̀rọ̀ kan tó sì ń dá unsigned padà: bí ọ̀rọ̀ náà bá ṣófo, kì í ṣe −1 ni ẹ ó rí, iye tó tóbi jù lọ ni. Lúùpù, ìyẹn kóòdù tó ń tún ara rẹ̀ ṣe, tó ń sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú `i >= 0`, tí i sì jẹ́ unsigned, kò ní dúró láéláé, nítorí nọ́ńbà aláìlámì kò lè kéré ju òdo lọ.

Ṣé gbogbo èdè ló ń yí po bí aago?

Nínú C, aláìlámì ń yí po, òfin ló sọ bẹ́ẹ̀. Alámì kò ní ìlérí kankan: compiler ní ẹ̀tọ́ láti gbà pé kò lè ṣẹlẹ̀, ó sì lè pa àyẹ̀wò yín rẹ́. Ẹni tó kọ `if (x + 1 < x)` láti mú àkúnwọ́sílẹ̀ lè bá ibẹ̀ ní òfìfo. Pé C23 ti gba two's complement kò yí èyí padà. Java ṣèlérí pé int ń yí po. Int ti èdè Python ń fẹ̀ sí i bí ó bá ṣe nílò, ẹ ò ní bá ìṣòro yìí pàdé níbẹ̀ àfi tí ẹ bá wọ NumPy, àkójọ irinṣẹ́ ìṣirò rẹ̀.

Mo wá àárín nọ́ńbà méjì pẹ̀lú (a + b) / 2, òdì ló jáde. Ṣé kọ̀ǹpútà mi ti bàjẹ́ ni?

Kò bàjẹ́. a àti b wọ inú àyè wọn, àròpọ̀ wọn ni kò wọ̀ ọ́. Ẹ kọ `a + (b - a) / 2`, bí `a` kò bá kéré ju òdo lọ tí `b` kò sì kéré ju `a`. Ẹ má jẹ́ kí ojú tì yín: irú àṣìṣe yìí wà nínú binary search (wíwá nǹkan nínú àtòjọ nípa pípín in sí méjì) ti Java fúnra rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó kéde rẹ̀ ní 2006.

Báwo ni abs ṣe lè dá nọ́ńbà òdì padà?

Abs ni iṣẹ́ tó yẹ kó yọ àmì òdì kúrò lára nọ́ńbà. Ẹ rántí pé −128 wà, +128 kò sí. Ẹ yí 1000 0000 padà, 0111 1111. Ẹ fi 1 kún un, 1000 0000. Ó padà sí ibi tó ti kúrò. Nínú Java, `Math.abs(-2147483648)` á dá −2,147,483,648 padà. Nínú C, òfin ò tilẹ̀ sọ ohun tó yẹ kó jáde.

Ibi tó ti ń yọjú jù ni nígbà tí ẹnì kan bá ń fi hash, nọ́ńbà tí a ṣírò látinú ohun kan, yan àyè fún un nínú àtẹ: ó kọ `Math.abs(h) % n`, ó dán an wò nígbà ẹgbẹ̀rún, ó ṣiṣẹ́. Nínú hash bílíọ̀nù mẹ́rin ó lé, ẹyọ kan péré ló lè dà á rú, ọ̀sán tí oníbàárà pọ̀ jù lórí ẹ̀rọ ni ẹyọ yẹn sì sábà máa ń dé. `Math.floorMod(h, n)` ni kí ẹ lò, èsì rẹ̀ kì í jẹ́ òdì bí n bá ju òdo lọ.